Oríkì Ìdílé Mi Ló Kó Bá Ọ̀rẹ́ Mi

Òpùrọ́ ni mí. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ fúnra mi, kí ẹni tó bá dá ohùn mi mọ̀ nínú yín má baà sọ ọ́ ṣáájú mi. Gbogbo ẹni tó ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù ní Uptown, ní Chicago níbí, ló mọ̀ pé bí mo bá ní òjò ń rọ̀, kí èèyàn kọ́kọ́ na ọwọ́ síta wò ó. Èmi ni mo sọ fún wọn pé ọ̀nì gbá mi lẹ́sẹ̀ mú nínú odò Ọ̀yán nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, tí mo bu òun náà jẹ lọ́rùn, tó sì bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ìyàwó òun. Èmi náà ni mo sọ fún ọmọ ọmọ mi pé ní winter àkọ́kọ́ tí mo lò níbí, afẹ́fẹ́ adágún gbé mi láti bus stop kan lọ sọ sí èkejì, tí dírẹ́bà sì tún gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Ọmọ náà wò mí lójú, ó ní "Grandpa, you lie too much," ó padà sídìí TV rẹ̀. Ẹ máa rò pé mo ń ṣeré, ṣùgbọ́n ó dùn mí o... Standard Three ni mo kà dé, mi ò ní ilé, mi ò ní mọ́tò, ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń bọ́ mi, ìtàn nìkan ni mo ní. Nílé, bí àgbà bá ti la ẹnu báyìí, wọ́n á yí i ká. Níbí, gbogbo èèyàn ló ń sáré lọ sí shift. Etí ni mo ń wá kiri. Etí náà ló sì kó bá mi.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe irọ́... mo mọ̀ pé bí òpùrọ́ ṣe máa ń sọ náà nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, torí mi ò tíì sùn dáadáa láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Tósìn, torí orúkọ rẹ̀ gan-an fara jọ ọ́ díẹ̀, mi ò sì ní sọ ọ́ jáde, ẹ máa rí ìdí rẹ̀. Kì í ṣe Yorùbá. China ni wọ́n kọ sínú ìwé ìrìnnà rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá pè é ní Chinese, ojú rẹ̀ á ṣú bí òjò. Uyghur ni wọ́n, ẹ̀yà kan tó wà ní ìpẹ̀kun China lápá ìwọ̀ oòrùn, níbi tí aginjù ti pàdé àwọn òkè oníyìnyín, Mùsùlùmí bíi tiwa, èdè wọn bá ti àwọn ará Turkey tan. Ilé búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́ níbí, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lù láàárín títí á fi ní ojú wẹ́wẹ́. English tèmi wọ́ gbágungbàgun, tirẹ̀ náà wọ́, a wá gbọ́ ara wa yé ju bí mo ṣe gbọ́ àwọn ọmọ mi lọ. Aka ló ń pè mí, ó ní ẹ̀gbọ́n ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè àwọn. Mo ní, ìwọ yìí, lọ́dọ̀ tiwa àká ni ibi tí wọ́n ń kó àgbàdo pamọ́ sí, ṣé o rí àgbàdo lára mi ni? Ó rẹ́rìn-ín títí ìyẹ̀fun fi gbọ̀n kúrò lára irùngbọ̀n rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Tósìn ní ìwà kan. Tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ilé, á kọ́kọ́ ṣí omi ẹ̀rọ kó máa dà sínú sink, á fa wáyà tẹlifóònù yọ lára ògiri, á wá fi ọwọ́ bo ẹnu kó tó bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ta ló fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ oníbúrẹ́dì. Kì í bínú. Ó sọ fún mi pé alùfáà ni bàbá òun, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, nígbà tó sì di ìgbà kan, ìjọba kó gbogbo Kùránì ìlú jọ síwájú mọ́ṣáláṣí, wọ́n finá sí i, wọ́n kó ẹlẹ́dẹ̀ sínú mọ́ṣáláṣí náà, wọ́n ní kí bàbá òun máa bọ́ wọn. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó ń ṣọ́ ẹnì kejì rẹ̀. Kírun di èèwọ̀. Bàbá wá ń kírun lórí ibùsùn bí ẹni ń sùn, ìpéǹpéjú ló fi ń kí i, á sọ ọ́ sílẹ̀ fún ìtẹríba rúkúù, á dì í fún ìforíkanlẹ̀... ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kéwú rẹ̀ ló sì lọ fi í sùn, torí ọmọ kéwú nìkan ló lè mọ ohun tí ìpéǹpéjú yẹn ń ṣe. Bàbá fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ pé bí aláìsàn ṣe ń kírun nìyẹn. Wọ́n gbé bàbá lọ, kò padà. Ohun tó fi sílẹ̀ ni àwọn igi kan lẹ́yìnkùlé, èso apricot, tó pọ́n bí àgbálùmọ̀, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn wọ́n. Àbúrò Tósìn ọkùnrin ló ń tọ́jú wọn. Wọ́n ní nǹkan ti rọ̀ díẹ̀ lọ́hùn-ún báyìí, mọ́ṣáláṣí ti ṣí, ṣùgbọ́n Tósìn ní ẹnì kan ṣì máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń wo ẹni tó wọlé.

Ṣé kí n sọ òótọ́? Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rò pé mo ti pàdé ọ̀gá mi nídìí irọ́ ni. Mo tiẹ̀ jowú. Ta ló ń fi ìpéǹpéjú kírun? Ta ló máa jókòó ti mọ́ṣáláṣí látàárọ̀ torí kó lè mọ ẹni tó wọlé? Mo mi orí, mo ń sọ Subhanallah, àmọ́ nínú ikùn mi mo ń sọ pé ọkùnrin yìí mọ ọ̀rọ̀ í hun.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó jẹ́ tèmi. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Yorùbá kì í kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní "hi" kó kọjá lọ. Bí mo bá ti débi iṣẹ́ Tósìn láàárọ̀ lọ ra búrẹ́dì, mo ní láti kì í. Mi ò mọ oríkì tiwọn, mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá wọ́n ní, mo bá bù fún un lára tèmi. Mo ní:

Tósìn, ọmọ ẹlẹ́ṣin ogójì,
ọmọ a-sin-idà-sídìí-igi,
igi so, idà ò jẹrà,
ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, oníbodè fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Oríkì ìdílé wa ni ìlà kejì yẹn. Bàbá bàbá bàbá mi ló ti ogun dé, tó ní òun ò pa ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́ láyé òun, ó gbẹ́ ilẹ̀, ó sin idà rẹ̀ sídìí igi orógbó. Oríkì ẹni tó jáwọ́ nínú ogun ni. Àlàáfíà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Tósìn ò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀, n kò sì túmọ̀ rẹ̀ fún un rí, ṣùgbọ́n bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, á dúró gbọnin pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́, á di ojú, bí ẹni tí òjò ń pa lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀. Ó ti mọ dídún rẹ̀ lórí. Nígbà míì ẹ máa gbọ́ ọ níbi tó ti ń kùn ún sí ara rẹ̀ nídìí iná.

Ìgbà tó yá ni ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí mọ́ṣáláṣí wa. Ó mọ́ tónítóní, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní Malaysia ni òun ti wá, pé òun ń kó ìtàn àwọn Mùsùlùmí tó wà ní Chicago jọ. Kò sí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí tape recorder. Ó kàn ń gbọ́ ni. Yéè, ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin yìí mọ̀ ọ́n gbọ́! Ó máa ń mú mi lọ sí ilé donut, á ra tíì fún mi, á ní Bàbá, tell me again. Nígbà tí mo sọ ti ọ̀nì fún un, ó bi mí pé ẹsẹ̀ wo ni ọ̀nì náà mú. Ẹsẹ̀ wo! Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí, àní láti ogójì ọdún tí mo ti ń sọ ọ́! Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn ọmọ mi lọ fún bí oṣù méjì, kí Ọlọ́run foríjì mí.

Ọjọ́ kan ó ní irú ọ̀rẹ́ wo ni oníbúrẹ́dì yẹn jẹ́ sí mi, pé òun máa ń gbọ́ tí mo ń pariwo lé e lórí láàárọ̀, kí ni mò ń sọ gan-an. Inú mi dùn. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un ní English, mo tún fi ọwọ́ ṣe é. Mo ní this man, don't look at him like that, his people have forty horses. They bury the sword under the tree. The tree bring fruit, the sword no rust. He shake his head one time, border guard run away. Ẹ ò rí i bó ṣe dùn lẹ́nu mi... Gbogbo ìgbà tó yẹ kí ẹni yẹn rẹ́rìn-ín ló ti máa ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, igi wo?

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí gan-an ni mo ti ń jẹ́wọ́. Mo lè sọ pé oríkì ni, oríkì tèmi, pé igi orógbó ni, ní Nigeria ló wà. Ṣùgbọ́n onítàn kì í fi ebi sílẹ̀ lójú ẹni tó ń gbọ́ ọ. Mo rántí ẹ̀yìnkùlé bàbá Tósìn. Mo ní, ah, the apricot trees, behind the father's house. Ó mi orí. Ó san owó tíì. A jáde sínú afẹ́fẹ́.

Bàbá àgbà kan láti ìlú wọn rí àyè jáde fún Hajj lọ́dún yìí. Bó ṣe gba Pakistan kọjá, ó wá tẹlifóònù dé ọ̀dọ̀ Tósìn. Ọ̀sán ọjọ́ Sunday ni, mo wà níbẹ̀, èmi ni mò ń da tíì. Mo rí i tí ojú ọ̀rẹ́ mi ń funfun díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó gbé fóònù kalẹ̀, kò ṣí omi, kò bo ẹnu, ó kàn sọ ọ́ lásán. Ó ní àwọn agbófinró dé sí ilé àwọn pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Wọ́n ń wá idà. Wọ́n ní wọ́n ti gbọ́ pé ìdílé àwọn rì í mọ́ ìdí igi. Wọ́n hú àwọn igi bàbá lọ́kọ̀ọ̀kan tòun ti gbòǹgbò, èso tí kò tíì pọ́n ń já sínú iyẹ̀pẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Torí pé wọn ò sì rí nǹkan kan, wọ́n ní àbúrò rẹ̀ ló ti gbé e lọ pamọ́ síbòmíràn, wọ́n mú un lọ. Wọ́n tún ń bi í pé ogójì ẹṣin dà.

Ogójì ẹṣin. Ẹ sọ fún mi, ta ló tún sọ ogójì ẹṣin láyé yìí yàtọ̀ sí èmi? Mo bú sẹ́kún. Tósìn rò pé àánú òun ló ń ṣe mí, ó dì mọ́ mi, ó ń pa mí lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń sọ pé Aka, Aka, don't cry. Òun ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún o! Gbogbo ohun tí mo pè ní irọ́ nínú ìtàn rẹ̀, ti ìpéǹpéjú, ti ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ ló di òótọ́ lójú mi lẹ́ẹ̀kan náà, èmi náà sì ti di ọ̀kan lára wọn.

Èyí tó burú jù ni pé ó ti rí ẹni tó di ẹ̀bi náà rù. Télọ̀ àgbà kan wà nínú wa, ẹ̀yà Uzbek, èdè wọn àti ti Tósìn sún mọ́ra bí ti Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Nínú gbogbo Chicago yìí, látìhín títí dé Calumet City, òun nìkan ni Tósìn lè bá sọ̀rọ̀ láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Àwa méjì péré ló ti sọ̀rọ̀ àwọn igi yẹn fún, èmi àti Télọ̀. Ó ní Aka kọ́ o, Aka dà bí ẹ̀gbọ́n òun, Télọ̀ ni. Ó ti dẹ́kun àtikí i. Télọ̀ á mú ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà dání, á wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì, Tósìn á kọ ẹ̀yìn sí i. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bàbá arúgbó yẹn fà mí lápá lórí àtẹ̀gùn, ó ní, my brother, what I do him? Kí ni mo ṣe fún un? Mo ní mi ò mọ̀. Mo ní mi ò mọ̀!

Mo gbìyànjú o, ẹ má rò pé mo kàn jókòó. Mo lọ bá ọkùnrin onítíì yẹn. Mo ní, ẹ wò ó, gbogbo ohun tí mo sọ, irọ́ ni, oríkì ni, a máa ń fi dá èèyàn lọ́lá ni lọ́dọ̀ tiwa, àní igi yẹn wà ní abúlé mi. Ó gbọ́ mi bó ṣe máa ń gbọ́ mi. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní, Bàbá, who told you to come and say this? Mo ní kò sẹ́ni kankan. Ó ní òun gbọ́. Ó wá bi mí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ sí fún ọmọ mi, ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tuntun. Mo ń wo ẹnu ara mi láti ìgbà náà... ṣé èmi ni mo sọ ọ́ fún un? Àbí ẹlòmíràn ni? Ìtàn tí mo ti sọ ti pọ̀ débi pé mi ò mọ èyí tó ti jáde mọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni èmi náà ti ń fa wáyà tẹlifóònù yọ. Mo ń ṣí omi. Ọmọ mi ní ṣé ọpọlọ mi kò ti máa gbó báyìí, pé òun fẹ́ mú mi lọ rí dókítà. Tí mo bá ń bọ̀ lọ́nà tí ẹnì kan bá rìn lẹ́yìn mi, mo máa ń yà sínú laundromat, mo á máa wo aṣọ aláṣọ tó ń yí nínú ẹ̀rọ títí ẹni yẹn á fi lọ.

Mo sọ ọ́ fún Alájì kan tó ń wa taxi, ẹni tí mo fọkàn tán jù. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé mọ́tò dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ó ní, "Ha, Bàbá! Èyí ju ti ọ̀nì lọ! Àwọn spy tún ti dé! Ẹ ò jẹ́ kí ìyàwó ọ̀nì wá jẹ́rìí?" Mo búra fún un. Ó ní kí n fi ìbúra náà sílẹ̀ fún ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àárọ̀ ìjẹta, Tósìn ní kí n ki òun. Kò tíì tọrọ rẹ̀ rí, èmi ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó ní Aka, say my thing. Mo gbìyànjú. Mo sọ ti ẹṣin, mo fo ti idà, mo fo ti igi, mo bọ́ sí ti oníbodè. Ó la ojú. Ó ní, no, Aka, you forget one. Ó wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, ọmọ-a-sìdà-sídì-igi, bó ṣe ń gbọ́ ọ, àmì ohùn rẹ̀ pé ju tàwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí lọ. Ó ní èyí ló dùn jù létí òun. Ó ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Mo ní ó túmọ̀ sí ẹni àlàáfíà. Òótọ́ ni mo sọ. Láyé mi, mi ò tíì sọ òótọ́ kan tó korò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ibi tí ọ̀rọ̀ dé rèé. Lèmọ́mù wa ti lọ sí Hajj. Tó bá ti dé lẹ́yìn Iléyá, wọ́n máa pe ìjókòó lórí Télọ̀, torí Tósìn ní àfi kí wọ́n lé e kúrò nínú mọ́ṣáláṣí, àbí kí òun má wá mọ́. Èmi ló sì mú ní ẹlẹ́rìí. Ó ní mo jẹ́ àgbà, mo sì wà níbẹ̀ nígbà tí fóònù dún. Wọ́n máa ní kí n gba Kùránì dání kí n sọ ohun tí mo mọ̀. Kí ni kí n sọ? Tí mo bá jẹ́wọ́, ọ̀rẹ́ mi á mọ̀ pé ẹnu tó ń gbé òun ga láràárọ̀ ló hú igi bàbá òun, kò sì ní sí ẹnì kankan fún un mọ́ nílùú yìí, àyàfi tó bá rí Télọ̀ tó ti kọ̀ sílẹ̀ bẹ̀. Tí mo bá dákẹ́, arúgbó tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀ á gbé orúkọ olófòófó wọnú sàréè. Ọkùnrin onítíì yẹn náà á sì jókòó láàárín wa lọ́jọ́ náà, á máa gbọ́... tí mo bá nawọ́ sí i, kí ló máa ṣe fún ọmọ mi? Ta ló tiẹ̀ máa gbà mí gbọ́? Ṣé wọn ò ní rẹ́rìn-ín bíi ti Alájì? Àbí kí n kọ́kọ́ lọ bá Tósìn nídìí iná, àwa méjì, kí n kúnlẹ̀ fún ẹni tí mo tó bí lọ́mọ? Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin ilẹ̀ yìí, ṣé ẹnì kan wà tí mo lè lọ sọ fún, tó lè ránṣẹ́ sọ́hùn-ún pé kò sí idà kankan?

Ẹ kọ èsì yín sójú ewé ìwé ìròyìn yìí, ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni, mo máa rà á ní ṣọ́ọ̀bù bí gbogbo èèyàn ṣe ń rà á. Ẹ bú mi tí ẹ bá fẹ́ bú mi, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ má pẹ́. Àbúrò Tósìn yẹn ṣì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ṣì ń bi í pé idà dà, kò sì mọ ohun tó máa sọ fún wọn.